Fèrèsé Onígíláàsì Méjì fún Ilé ní Ìlú Ọba: Ẹ Fi Wọ́n Wéra Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹni tó ń ta fèrèsé bá jókòó sí pálọ̀ yín ní Dagenham tàbí ní Salford, àwọ̀ férémù ni yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀: ṣé funfun lẹ fẹ́ ni, àbí aláwọ̀ eérú, àbí èyí tó dà bí igi? Àwọ̀ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Nínú fèrèsé onígíláàsì méjì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní double glazing, gíláàsì ló gba àyè tó pọ̀ jù, òun ló sì ń sọ bóyá ilé yóò móoru. Lẹ́yìn gíláàsì, ọwọ́ ẹni tó máa gbé e sínú ògiri ló kàn. Férémù ló ṣìkẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ń fi polówó jù. Òfin tó bá jẹ yọ nísàlẹ̀ yìí, ti England ni. Scotland ní tirẹ̀.

Gíláàsì: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta

Wọn kì í kàn to gíláàsì méjì síra wọn. Etí méjèèjì lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí wọn ká, òun ni spacer bar. Inú ọ̀pá náà ní hóró kéékèèké tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu kí àárín má baà ṣú. Gáàsì argon ló kún àlàfo àárín, nítorí ooru kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ lásán. Lójú gíláàsì tó kọjú sí àlàfo, ìpara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ojú kò rí, wọ́n ń pè é ní low-E. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá ooru yàrá padà sínú yàrá. Bí ẹ bá rí 4/20/4 lórí ìwé, ó túmọ̀ sí gíláàsì mílímítà 4, àlàfo 20, gíláàsì 4, àpapọ̀ 28. Mílímítà 28 yìí ló wọ́pọ̀ nínú férémù tuntun. Ti àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ 20 tàbí 24.

U-value ni wọ́n fi ń wọn ooru tó ń bá fèrèsé jáde. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ká ní inú yàrá jẹ́ 20°C, ìta sì jẹ́ 0°C, bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rèé, ní ìṣirò tó súnmọ́ ọn:

| Irú gíláàsì | U-value àárín gíláàsì | Bí ojú rẹ̀ ṣe gbóná tó nínú yàrá | Ìwúwo mítà onígun mẹ́rin kan |
|---|---|---|---|
| Ẹyọ kan, mílímítà 4 | 5.7 | 5°C | kílò 10 |
| Méjì àtijọ́, afẹ́fẹ́ lásán, kò ní low-E | 2.7 | 13°C | kílò 20 |
| Méjì tòde òní, argon, low-E | 1.2 | 17°C | kílò 20 |
| Mẹ́ta, argon, low-E méjì | 0.7 | 18°C | kílò 30 |

Ẹ wo ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkẹrin. Láti ẹyọ kan dé méjì tòde òní, ojú gíláàsì fi ìwọ̀n méjìlá gbóná sí i. Láti méjì dé mẹ́ta, ìwọ̀n kan péré ló fi lé e, ìwúwo sì fi ìdajì pọ̀ sí i. Ìwúwo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: híńjì ló ń gbé e, híńjì tí kò bá lágbára tó á sì jẹ́ kí fèrèsé máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Onígíláàsì mẹ́ta yẹ ilé tí òrùlé àti ògiri rẹ̀ ti ní ìbora tó péye, tí kò sì ku ibòmíràn tí ooru ń gbà sá. Bí àjà ilé yín bá ṣì wà lófìfo láìsí ìbora kankan, àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ìdí tí a fi kọ bí ojú gíláàsì ṣe gbóná tó síbẹ̀ ni pé, nínú yàrá tó jẹ́ 20°C, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, omi á sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù tó 12°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì ẹyọ kan á máa sunkún ní gbogbo òwúrọ̀ ọ̀gìnnìtìn. Méjì àtijọ́ wà létí bèbè: àárín rẹ̀ á gbẹ, etí rẹ̀ á rin, torí pé spacer bar àtijọ́ jẹ́ alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù sì ń gbé òtútù wọlé tààrà. Ẹ rí i pé wọ́n kọ warm edge sínú ìwé yín. Ọ̀pá tí kì í gbé òtútù nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé low-E wà nínú gíláàsì tí wọ́n gbé wá? Ní alẹ́, ẹ tan láítà síwájú rẹ̀, ẹ wo òjìji iná náà nínú gíláàsì. Mẹ́rin lẹ máa rí, nítorí gíláàsì méjì ní ojú mẹ́rin. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàtọ̀ ní àwọ̀ sí mẹ́ta yòókù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra, ìpara náà kò sí níbẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára spacer bar pẹ̀lú. Ìwọ̀n gíláàsì àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ariwo ní òfin tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ohun tí kò wúlò fún wọn. Gíláàsì méjì tó nípọn bákan náà máa ń gbọ̀n sí ohùn kan náà, bí awọ ìlù méjì tí wọ́n fa dọ́gba. Ohun tí èkíní bá gbà wọlé, èkejì á gbà á kọjá. Nítorí náà, onígíláàsì mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 4 kò fi bẹ́ẹ̀ dí ariwo ju 4/20/4 lọ. Ẹ jẹ́ kí ìnípọn wọn yàtọ̀: 6/16/4, tàbí kí ọ̀kan jẹ́ laminated, ìyẹn gíláàsì méjì tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ pọ̀, pàápàá irú tí wọ́n ṣe fún dídí ohùn. Fún ilé tó wà lábẹ́ ọ̀nà bàálù Heathrow tàbí tó kọjú sí títì tí bọ́ọ̀sì kì í sùn, ohun tó dára jù ni pé kí wọ́n fi fèrèsé kejì sí inú, kí àlàfo àárín òun àti ti ìta tó mílímítà 100 sí 200. Secondary glazing ni wọ́n ń pè é. Àlàfo 20 kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn láéláé.

Gíláàsì èyíkéyìí tó bá wà nísàlẹ̀ mílímítà 800 láti ilẹ̀ yàrá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í ṣeni léṣe. Lára ilẹ̀kùn, àti ní 300 mílímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga dé 1500. Toughened, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fi ooru mú le, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ òkúta. Laminated á sán, ṣùgbọ́n á dúró sójú ibi tó wà. Fún fèrèsé ẹ̀yìnkùlé nísàlẹ̀, laminated ni ká mú, torí pé yóò gba olè ní àkókò àti ariwo kó tó wọlé. Àmì ìdánilójú máa ń wà ní igun gíláàsì. Bí kò bá sí àmì, ẹ má gbà á.

Omi tó ń sẹ̀ sára gíláàsì

Ibi mẹ́ta ni omi lè wà, ìtumọ̀ wọn kò sì jọra rárá.

Bó bá wà lójú gíláàsì nínú yàrá, fèrèsé kọ́ ló mú un wá. Ìkòkò ẹran tó hó fún wákàtí kan láìbò, aṣọ tí a sá sórí radiator, omi gbígbóná tí ènìyàn márùn-ún fi wẹ̀ láàárọ̀ kan, èémí àwọn ọmọ tó sùn pọ̀ ní yàrá kékeré: omi ni gbogbo rẹ̀, ó sì ní láti balẹ̀ síbì kan. Ibi tó tutù jù ló ń bà sí. Kí ẹ tó pààrọ̀ fèrèsé, gíláàsì ló tutù jù, ẹ sì ń fi tówẹ̀lì nù ún láràárọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, gíláàsì á gbẹ, afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ gba etí fèrèsé àtijọ́ wọlé á dáwọ́ dúró, omi ọ̀hún á wá lọ bá kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wọ́dúróòbù níbi tí ọwọ́ kò dé. Nǹkan dúdú tí wọ́n ń pè ní mould á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀. Àwọn kan á ní fèrèsé tuntun ló fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 15 oṣù Kẹfà, 2022 fi sọ pé pípààrọ̀ fèrèsé kò gbọ́dọ̀ dín afẹ́fẹ́ ilé kù. Bí èyí tí ẹ yọ bá ní trickle vent, ìyẹn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lókè férémù, tuntun náà gbọ́dọ̀ ní in. Bí kò bá ní in tẹ́lẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ mìíràn, ìwọ̀n tí ìlànà náà là sílẹ̀ ni mílímítà onígun mẹ́rin 8000 fún yàrá àti fún ilé ìdáná, 4000 fún ilé ìwẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye owó. Ẹ má gbà. Bó bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ nígbà òtútù. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde nílé ìdáná náà gbọ́dọ̀ fẹ́ síta gbangba; èyí tó kàn ń yí afẹ́fẹ́ po lórí sítóòfù kò yọ omi kankan.

Bí omi bá wà lójú gíláàsì níta, láàárọ̀ kùtù nígbà tí ewé ń wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Gíláàsì náà kò jẹ́ kí ooru jáde ni, ìyẹn ló mú kí ojú ìta rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn á gbẹ ẹ́.

Èyí tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì, tí ẹ kò lè nù nínú, tí ẹ kò lè nù níta, etí tí wọ́n dì pa ló ti jò. Argon ti lọ, hóró inú spacer bar ti mu omi yó. Ẹni tó ń ta fèrèsé á ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí férémù bá ṣì le, tí ó ń ṣí, tí ó ń tì, gíláàsì nìkan ni kí wọ́n yọ, kí wọ́n fi tuntun tó ní low-E síbẹ̀. Ẹ wọn ìnípọn rẹ̀ kí ẹ tó pàṣẹ, nítorí férémù tí wọ́n ṣe fún 24 kò ní gba 28. Ohun tó sì ń fa jíjò náà jù ni omi tó dúró sínú ikùn férémù. Férémù gbogbo ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde. Bí eruku tàbí sílíkọ́ọ̀nù bá dí i, gíláàsì á máa jókòó sínú omi, ohun tó dì í á rà.

Férémù: uPVC, alumíníọ̀mù, igi

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, uPVC funfun ló dínwó jù, igi ló sábà máa ń wọ́n jù, alumíníọ̀mù wà láàárín wọn.

uPVC jẹ́ rọ́bà líle tó ní yàrá yàrá nínú, afẹ́fẹ́ inú yàrá wọ̀nyí ló ń dá òtútù dúró. Èyí tó bá tóbi, wọ́n á ki irin sínú rẹ̀ kó má baà tẹ̀. Kì í rà, kì í fẹ́ ọ̀dà, ọṣẹ àti omi tó fún un. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni oòrùn lára àwọ̀ dúdú: ó ń gbóná, ó ń gùn, ó sì lè tẹ kọrọdọ bí irin inú rẹ̀ bá kéré. Ẹ ó gbọ́ orúkọ bí VEKA, REHAU, KÖMMERLING, tí gbogbo wọn ti Jámánì wá. Orúkọ wọ̀nyẹn jẹ́ ti ẹni tó ṣe ọ̀pá rọ́bà náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gé e, tó jó o pọ̀ ní igun, tó fi gíláàsì sí i. Ẹlòmíràn ló tún gbé e wọ ògiri. Nítorí náà ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó gé e.

Alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lágbára. Fún ilẹ̀kùn gíláàsì gbàgàdà tó kọjú sí ọgbà, kò sí èyí tó tó o. Àmọ́ irin ni, irin a sì máa gbé òtútù: bí kò bá ní thermal break, ìyẹn ọ̀pá rọ́bà tó pín inú férémù níyà kúrò lára ìta, férémù fúnra rẹ̀ ni yóò máa làágùn. Fún fèrèsé yàrá kéékèèké, a kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fi owó kún owó torí rẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n ń rà. Kò burú láti ra ẹwà, ká ṣáà mọ̀ pé òun là ń rà.

Igi ló yẹ ilé àtijọ́, ibòmíràn ni òfin sì fi dandan lé e. Ó ń fẹ́ ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, ibi tó kọjú sí òjò sì ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rà, níbi tí igi òró àti igi ìbú ti pàdé, torí ẹnu igi tí wọ́n gé ń mu omi bí òùngbẹ. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n fi ọ̀dà dí ẹnu ibi tí wọ́n gé kí wọ́n tó kàn án pọ̀. Accoya, igi pine tí wọ́n fi kẹ́míkà yí padà kó má baà máa mu omi, ni ó pẹ́ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà. Ìrókò wà nínú wọn náà. Orúkọ Yorùbá yẹn gan-an ni àwọn kápẹ́ńtà òyìnbó ń pè é.

Fún ilé àárín ìgboro tí kò sí òfin pàtàkì lórí rẹ̀, uPVC funfun ni a ó mú. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra gíláàsì tó dára àti oníṣẹ́ tó mọṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣí

Casement ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, rọ́bà etí rẹ̀ sì ń tẹ̀ mọ́ férémù dáadáa, afẹ́fẹ́ kì í rí àyè yọ́ wọlé. Tilt and turn ń ṣí sínú: ẹ lè dá orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ sì lè ṣí i gbàgàdà láti nu ojú ìta rẹ̀ láti inú yàrá. Nínú fúláàtì òkè kẹta tàbí ìkẹrin, òun ló dára jù, bí kọ́tìnnì àti ohun tí ẹ tò sójú fèrèsé kò bá ní dí i lọ́wọ́. Sash, tó ń fà sókè fà sísàlẹ̀, jẹ́ ti ilé ayé Victoria. Ojú rẹ̀ dùn ún wò, owó rẹ̀ ga, kì í sì dí afẹ́fẹ́ tó casement.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbí o. Fèrèsé yàrá òkè tí ènìyàn lè ní láti gbà sá jáde gbọ́dọ̀ ní ẹnu tó tó mítà onígun mẹ́rin 0.33, ìbú rẹ̀ tàbí gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí mílímítà 450, ìsàlẹ̀ ẹnu náà kò sì gbọ́dọ̀ ga ju 1100 lọ láti ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ra: 450 ní 450 kò pé, 0.20 péré ni. 450 ní 750 ló pé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ilé iṣẹ́ fi gíláàsì ńlá tí kì í ṣí sísàlẹ̀, kí wọ́n wá fi kékeré tó ń ṣí sókè, torí pé ìyẹn dínwó. Irú rẹ̀ yẹ pálọ̀ ìsàlẹ̀, kì í ṣe yàrá tí ọmọ ń sùn. Híńjì pẹ̀lú ní oríṣi. Ẹ sọ fún wọn pé ti fire escape lẹ fẹ́, torí híńjì lásán máa ń gba àyè lára ẹnu náà. Ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ fèrèsé yàrá òkè pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù kí ọmọdé má jábọ́, ìkọ́ restrictor tí àgbà lè tú wà.

Fún olè: ọ̀pọ̀ uPVC àtijọ́ ni ọ̀pá tó di gíláàsì mú wà níta, ẹni tó bá ní ṣísẹ́ẹ̀lì lè yọ ọ́ kó sì gbé gíláàsì kalẹ̀ láìfọ́ ọ. Kí tiyín wà nínú. PAS 24 ni ìdánwò ààbò tí ẹ óò wá lórí ìwé.

Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹni tó mọṣẹ́ á wọn ìbú ihò ògiri níbi mẹ́ta, á wọn gíga rẹ̀ níbi mẹ́ta, á fà á láti igun dé igun. Iye tó kéré jù ni yóò mú, á sì yọ mílímítà 10, ìyẹn 5 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó wá tajà bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì lọ, ẹ bèèrè ìgbà tí awọ̀nlé gidi máa dé.

Sikúrúù ló ń di férémù mú mọ́ ògiri. Èyí àkọ́kọ́ máa ń wà ní mílímítà 150 sí 250 sí igun, àwọn yòókù kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju 600 lọ. Fóòmù kàn ń dí àlàfo ni. Fèrèsé tó bá jẹ́ pé fóòmù ló gbé e dúró á mì bí afẹ́fẹ́ bá lágbára. Kí wọ́n tó fún fóòmù náà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka sikúrúù.

Ìdí tí fèrèsé tuntun fi ń ha ìsàlẹ̀ férémù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni pé wọn kò fi èèkàn rọ́bà gbé gíláàsì náà bó ṣe yẹ. Ní casement, èèkàn kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ gíláàsì ní ìhà híńjì, òmíràn lókè ní ìhà ọwọ́, kí ìwúwo gíláàsì lè tẹ̀ sórí híńjì láti igun dé igun. Toe and heel ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé híńjì ló bàjẹ́.

Bay window, tó yọ ikùn síta ní ojú ọ̀pọ̀ ilé London, ló léwu jù. Nígbà mìíràn, fèrèsé àtijọ́ náà ló ń gbé ògiri tàbí òrùlé orí rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá yọ ọ́ láìkọ́kọ́ fi òpó jáàkì gbé òkè dúró, tí wọn kò sì fi òpó alumíníọ̀mù alágbára sí igun tuntun, òkè á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ògiri á la, ilẹ̀kùn fèrèsé kò sì ní ṣí mọ́. Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ bèèrè ohun tó máa gbé òkè dúró, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé àti owó

Kí fèrèsé tuntun tó bá ìlànà mu, U-value gbogbo rẹ̀, férémù pẹ̀lú gíláàsì, kò gbọ́dọ̀ ju 1.4 lọ, tàbí kó ní lẹ́tà B ó kéré tán nínú ìdíwọ̀n tó ga dé A++. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn olùtajà ń ta níbí: wọ́n á ka ti àárín gíláàsì nìkan, nítorí òun ló máa ń kéré. Uw, ìyẹn ti gbogbo fèrèsé, ni kí ẹ bèèrè, ẹ má gba Ug, ti gíláàsì nìkan.

Oníṣẹ́ tó wà nínú FENSA tàbí CERTASS lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀, á sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí yín. Bí kò bá sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún building control ní káńsù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé ni lọ́yà ẹni tó ń rà á máa bèèrè ìwé yìí, fún gbogbo fèrèsé tí wọ́n pààrọ̀ láti oṣù Kẹrin, 2002.

Ẹni tó ní fúláàtì leasehold, ìyẹn èyí tí a ra ẹ̀tọ́ gbígbé inú rẹ̀ fún iye ọdún kan, ẹ ka lease, ìwé àdéhùn yín, ná. Níbi púpọ̀, férémù jẹ́ ti freeholder, ẹni tó ni ilé àti ilẹ̀ náà gan-an, ẹ̀yin kò sì láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Ilé tó wà ní conservation area, àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀, lè wà lábẹ́ Article 4, àṣẹ káńsù tó lè mú kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Listed building, ilé tí wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba kí wọ́n lè dáàbò bò ó, sì ń gba ìyọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀dínwó ìdajì máa parí lálẹ́ òní, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ gba iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí gbogbo wọn kọ ohun kan náà: ìnípọn gíláàsì, argon, low-E, warm edge, Uw, trickle vent, kíkó ti àtijọ́ lọ, títún ògiri inú ṣe, VAT. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè fi iye méjì wéra. Ẹ lo credit card fún àsansílẹ̀, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀: bí iye ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act mú kí báńkì tó ni káàdì náà jẹ́bi pẹ̀lú bí ilé iṣẹ́ bá kógbá wọlé. Òfin fún wa ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lórí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tí a bá fọwọ́ sí nílé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé sí ìwọ̀n ilé ẹni lè bọ́ sẹ́yìn òfin yẹn. Ẹ ka ojú ewé ìfagilé kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Kí gárántì náà ní ìbánigbófò lẹ́yìn, torí gárántì ọdún mẹ́wàá ilé iṣẹ́ tó ti kú kò ju ìwé lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹténà lọ sílé

Gíláàsì tí wọ́n ṣe fún ìlú òtútù máa ń jẹ́ kí ooru oòrùn wọlé, kí ó sì há a mọ́ inú. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní Croydon nìyẹn, òun náà ni ìyọnu ní Abẹ́òkúta. Fún ilé lọ́hùn-ún, solar control, gíláàsì tí wọ́n ṣe láti dá ooru oòrùn dúró, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wo g-value, ìdá ooru oòrùn tó ń gba inú gíláàsì wọlé: èyí tó wà ní bíi 0.3 sí 0.4 ló ń dá oòrùn dúró. Bí fèrèsé bá máa wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru nítorí pé kò sí iná fún ẹ̀rọ amúlétutù, onígíláàsì méjì kò wúlò fún ooru tàbí fún ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Gíláàsì ẹyọ kan tó dára pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì á ṣe iṣẹ́ náà.

Casement tó ń ṣí síta jẹ́ kí bọ́gúlárì wà nínú, kí nẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú, ṣùgbọ́n ẹ wọn àlàfo irin bọ́gúlárì kí ọwọ́ lè kọjá dé ọwọ́ fèrèsé. Tilt and turn kò lè bá bọ́gúlárì inú gbé rárá. Àwọ̀ dúdú lára uPVC, ẹ fi sílẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Nínú kọ̀ǹténà, gíláàsì gbọ́dọ̀ dúró lórí etí rẹ̀ bí ìwé nínú àpótí ìwé. Èyí tí wọ́n bá tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n to ẹrù lé á ti sán kó tó dé Apapa. Ẹ pàṣẹ gíláàsì méjì tàbí mẹ́ta kún un fún ìwọ̀n tó pọ̀ jù nínú ilé, torí pé férémù tí wọ́n ṣe fún mílímítà 28 kò ní di gíláàsì ẹyọ kan mílímítà 5 mú bí ọ̀kan bá fọ́.